Àwọn Òǹkọ̀wé Ìtàn Ìyanu àti Àwa Ará Etí Omi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi òǹkàwé, àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún ìwé pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń ṣe kàyéfì pé kí ni ó dé tí ìwé ìtàn ìyanu Yorùbá fi kún fún igbó tó bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ilé àwọn tí ó kọ wọ́n.

Máhíntẹ̀dó ni ilé tèmi, ní ilẹ̀ Mahin tí Amapetu jẹ́ ọba rẹ̀, láàárín àwa Ìlàjẹ ní etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ wa, àwọ̀n sì ni ọkọ́ wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, n kò tí ì fojú kan igi ìrókò rí. Bí òǹkọ̀wé bá ti dárúkọ igbó, igi ògùrọ̀ inú ẹrẹ̀ ni ojú inú mi ń rí. Bí ó bá sì ní kí ọdẹ gun òkè, ibi tí n ó gbé òkè náà sí kì í yé mi, nítorí ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo bi ìyá ìyá mi léèrè níbi tí ó ti ń yan ẹja, mo ní ṣé nítorí pé kò sí iwin nínú omi ni a kò ṣe kọ ìwé nípa wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, ta ni ó wí fún ọ pé kò sí? Àwọn tí ó rí wọn ni kò mọ ìwé kọ.”

Èsì yìí ni ó mú mi máa wádìí bí àwọn tí ó mọ ìwé kọ ti ṣe kọ tiwọn. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Olóyè Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà. Ní ọdún 1903 ni a bí i ní Òkè-Igbó. Ẹ gbọ́ orúkọ ìlú náà dáradára: òkè ń bẹ nínú rẹ̀, igbó ń bẹ nínú rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, láti ọdún 1930 títí di 1939 ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlú Ọ̀yọ́ kan náà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó fi ń jẹun, kì í ṣe ìwé kíkọ. Ní ọdún 1936 ni àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ dá ìdíje ìwé kíkọ sílẹ̀, Fágúnwà sì kọ ìtàn Àkàrà-ògùn ọdẹ fún un. Ní ọdún 1938 ni ilé ìtàwé C.M.S. gbé e jáde. Lẹ́yìn èyí, ọdún mọ́kànlá kọjá kí Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tó jáde ní 1949. Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje tẹ̀ lé wọn ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní 1961. Ìwé ìtàn márùn-ún ni èyí láàárín ọdún mẹ́tàlélógún, láti ọwọ́ ẹni tí ó ní iṣẹ́ mìíràn ní gbogbo ìgbà náà.

Ẹnì kejì ni Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tí a bí ní 1920. Kò kàwé tó Fágúnwà. Ó ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fún àwọn ológun òfuurufú nígbà ogun Hitler; nígbà tí ogun parí, iṣẹ́ òjíṣẹ́ ni ó rí ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Níbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá dá ọwọ́ dúró, ó ń kọ ìtàn sínú ìwé pélébé. Ìtàn àkọ́kọ́ tí ó fi ránṣẹ́ sí London, ilé iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé nípa fọ́tò ni ó fi í ránṣẹ́ sí! Ó ní òun yóò fi fọ́tò àwọn iwin kún un. Nígbà tí fọ́tò dé, àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni a yà ní fọ́tò. Wọ́n ra ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò di ìwé títí di ọdún 1982. Ìwé rẹ̀ kejì, The Palm-Wine Drinkard, àwọn ẹlẹ́sìn Kristi tí ń tẹ ìwé ni ó kọ́kọ́ rí i; àwọn ni ó fi lé ilé iṣẹ́ Faber lọ́wọ́, tí ó fi jáde ní 1952. Inú àwọn Òyìnbó dùn, ṣùgbọ́n ojú ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ wọn ń gba oyè nípa kíkọ nípa rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé, “Bí ìdíje kò bá sí ńkọ́? Bí Òyìnbó kò bá tẹ tèmi ńkọ́?” Ṣáájú Fágúnwà, I. B. Thomas ní Èkó kò dúró de ẹnikẹ́ni. Òun ni ó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Inú rẹ̀ ni ó ti tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ ní 1929, kí ó tó di odindi ìwé. E. A. Akíntàn, tí ó ni Elétí Ọfẹ, gbé Ìgbẹ̀hìn Á Dùn jáde ní 1931. Ìtàn iwin kọ́ ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé òǹkọ̀wé lè jẹ́ atẹ̀wé ara rẹ̀. Ní ọjọ́ òní, ẹni tí ó bá kó owó díẹ̀ jọ yóò gbé ìwé rẹ̀ lọ sí Ṣómólú ní Èkó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí bí eṣú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kàwé, kí ni yóò rí kọ? Bí ọ̀dọ́ kan bá bi mí léèrè, báyìí ni n ó ṣe tò ó fún un. Kí ó kọ́kọ́ ka Bíbélì Yorùbá ti Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí adùn èdè inú rẹ̀. Kí ó ka ìwé Bunyan nípa ìrìn àjò Onígbàgbọ́, tí Hinderer túmọ̀ ní Ìbàdàn. Bí ó bá sì wá ka Fágúnwà, yóò rí i bí ọmọ Òkè-Igbó ti gba ìrìn àjò náà lọ́wọ́ Òyìnbó, tí ó fi lé ọdẹ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó ka Igbó Olódùmarè sókè ketekete, kì í ṣe nínú ọkàn, nítorí etí ni a kọ ọ́ fún. Kí ó ka Kórìmálẹ̀ nínú Igbó Adimula ti D. J. Fátànmí, tí ó jáde ní 1967, kí ó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó la ọ̀nà àti ẹni tí ó tọ ọ̀nà. Kí ó gbé ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ ní 1968 sí ẹ̀gbẹ́ ti Yorùbá, kí ó sì wò ó bí èdè kan ti ń bá èkejì jìjàkadì.

Ìwé méjì ni mo fi pamọ́ dé ìparí, nítorí àwa ará omi. Nínú Ìrèké Oníbùdó, Fágúnwà gbé akọni rẹ̀ wọ inú omi, lọ sí ọ̀dọ̀ Arògìdìgbà, ọbabìnrin àwọn ẹja. Ní 1956 ni J. Ògúnṣínà Ògúndélé sì gbé Ibú Olókun jáde. Mo ka méjèèjì pẹ̀lú ayọ̀. Síbẹ̀, n kò lè ṣàì sọ òótọ́: àlejò ni akọni wọn jẹ́ nínú omi. Bí ọdẹ ti í wọ igbó ni ó ṣe wọ inú omi, tí yóò tún jáde lọ sí ilé. Ìwé tí mo ń retí ni ti ẹni tí omi jẹ́ ilé rẹ̀, tí ó jẹ́ pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò ti lọ pàdé ìyanu.

Ní oṣù December ọdún 1963 ni omi gbé Fágúnwà lọ ní Wuya, lẹ́bàá Bida. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Aṣojú ilé iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé ni ó jẹ́ ní ìgbà náà. Ẹni tí ó la igbó já fún wa, omi ni ó pa á. Nígbàkígbà tí mo bá rántí èyí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ibi tí ó bá iṣẹ́ náà dé nìyẹn, tí ó fi àṣẹ́kù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ olómi.

Àkókò kò sì dúró dè wá. Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó ní etí òkun wa ní 1947, òkun ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí ilé wà nígbà tí mo wà ní kékeré, ìgbì ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Bí ìlú bá lọ, ibi tí a ti ń pa ìtàn a lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá ìyá mi ti kú. N kò kọ ju ìdajì ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀, àbámọ̀ ni ó sì jẹ́ fún mi. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń yan ẹja ní alẹ́, ẹ mú ìwé pélébé, ẹ lọ jókòó tì í. Òjíṣẹ́ ọ́fíìsì ṣe é, olùkọ́ ọmọdé ṣe é. A ti mọ ìwé kọ báyìí. Kí a má tún rí wọn tán kí a dákẹ́.