Ọ̀nà Ripley àti Àwọn Oníkẹ̀kẹ́ Ìgbà Àtijọ́

Kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa pé kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ Katikíìsì wa fi ń bẹ àwọn ìjọ oko wò ní ọjọ́ tí mọ́tò kò tí ì pọ̀. Ẹni tí ó bá ti ti kẹ̀kẹ́ gun òkè Èkìtì nínú oòrùn, tí ẹrù ìwé sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò nílò kí a sọ fún un ohun tí òkè jẹ́ fún oníkẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwa tí a ti gbọ́ bí kẹ̀kẹ́ tìkára rẹ̀ ti ṣe gba àyè ní ojú ọ̀nà Ìlú Ọba níbi tí ó ti wá, àti bí ilé ìjọ abúlé kan ti ṣe ní ìpín nínú ọ̀ràn náà. Ìtàn náà ni a fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ripley jẹ́ abúlé kan ní ẹkùn Surrey, ní ojú ọ̀nà tí ó ti London lọ sí èbúté Portsmouth. Láti Kingston, ọ̀nà náà gba Esher àti Cobham kọjá, ó rékọjá odò Mole, ó gun òkè Painshill, ó sì la pápá gbalasa Wisley já kí ó tó dé abúlé náà. Kì í ṣe òkè bí ti Ìdànrè. Ilẹ̀ tí ń gòkè tí ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, tí oko àti igi wà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀. Ní ìgbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ń kó èrò, àwọn ilé-èrò ọ̀nà yìí kì í sinmi, nítorí níbẹ̀ ni a ti ń pààrọ̀ ẹṣin, tí èrò sì ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú-irin dé Woking, tí kò jìnnà sí Ripley, ní 1838, ó sì dé Guildford ní 1845. Láti ìgbà náà ni èrò ti ń dínkù, tí ọ̀nà sì dá páropáro.

Nígbà tí ó di nǹkan bí 1870, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí gun kẹ̀kẹ́ gíga, èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ga tó àyà àgbàlagbà, tí ti ẹ̀yìn sì kéré. Bí òkúta bá dá ẹsẹ̀ iwájú dúró lójijì, orí ni ẹni tí ó gùn ún yóò fi lélẹ̀. Fún irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà Ripley dára púpọ̀, nítorí àwọn òkè rẹ̀ kò le, ènìyàn sì lè kúrò ní London ní òwúrọ̀, kí ó jẹun ọ̀sán níbẹ̀, kí ó sì padà wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni èrò tún bẹ̀rẹ̀ sí wá sí abúlé tí ọkọ̀ ojú-irin ti sọ di ahoro.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fi ọ̀yàyà gbà wọ́n. Ní 1876, ní ọ̀nà St Albans, awakọ̀ ẹlẹ́ṣin kan fi pàṣán na oníkẹ̀kẹ́ kan, ẹni tí ó bá a jókòó nínú ọkọ̀ sì ti so irin róbótó mọ́ okùn, ó jù ú sí àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ó sì fà á lulẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ìjà yìí kò ju ọ̀kan lọ: ta ni ó ni ọ̀nà? Ṣé ẹni tí ó lówó ẹṣin nìkan ni, tàbí akọ̀wé ilé-ìtajà pẹ̀lú? Ní 1878 àwọn oníkẹ̀kẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Harrogate, èyí tí a wá ń pè ní Cyclists' Touring Club ní 1883. Ẹgbẹ́ yìí ri pátákó ìkìlọ̀ mọ́ orí òkè tí ó léwu, ó sì bá àwọn onílé-èrò ṣe àdéhùn nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Níkẹyìn, òfin 1888 sọ kẹ̀kẹ́ di ọkọ̀ bí ọkọ̀ yòókù, pẹ̀lú àṣẹ pé kí ẹni tí ó gùn ún tan fìtílà ní òru, kí ó sì kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá lára rẹ̀.

Ní Ripley, ilé-èrò Anchor ni gbogbo wọn ń yà sí. Àwọn ọmọbìnrin ilé Dibble, Annie àti Harriet, ni ó ń tọ́jú wọn. A gbọ́dọ̀ rántí pé ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀ kún fún eruku láti orí dé ẹsẹ̀, àti pé ilé-èrò tí ó bá ka ara rẹ̀ sí kì í fẹ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀ lórí àga rẹ̀. Àwọn arábìnrin wọ̀nyí kò wo eruku. Wọ́n bu omi fún wọn wẹ̀, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, àwọn àlejò sì ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé tí a fi sílẹ̀ fún èyí.

Ọ̀ràn Ọjọ́ Ìsinmi wá dìde. Òṣìṣẹ́ tí ó ń dúró nídìí iṣẹ́ títí di alẹ́ Sátidé kò ní ọjọ́ mìíràn láti rí pápá àti odò. Àwọn Àlùfáà kan bínú pé kẹ̀kẹ́ ń kó ọ̀dọ́ kúrò nínú ilé Ọlọ́run. Àwọn mìíràn sì ṣe ìsìn fún àwọn oníkẹ̀kẹ́, wọ́n gbà wọ́n wọlé pẹ̀lú aṣọ ìrìnnà wọn. Àwa kò ní dá ẹ̀gbẹ́ kìíní lẹ́bi, nítorí ohun tí wọ́n bẹ̀rù kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé ìjọ Màríà Magidalénì Mímọ́ ní Ripley, tí apá pẹpẹ rẹ̀ ti wà láti ọ̀rúndún kejìlá. Nínú rẹ̀ ni ìrántí Annie àti Harriet wà, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ dáwó jọ láti ṣe. Ìrántí Herbert Liddell Cortis sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ gíga ní 20 ibùsọ̀ láàárín wákàtí kan ní 1882, tí ó sì kú ní Australia ní 1885. Ìjọ tí ó bá ti lé wọn kò ní ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀.

Láàárín ìgbà yìí kẹ̀kẹ́ tìkára rẹ̀ yí padà. Ní 1885, John Kemp Starley ní Coventry ṣe èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ dọ́gba, tí ṣéènì ń yí ti ẹ̀yìn. Ní 1888, John Boyd Dunlop ní Belfast fi rọ́bà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ìran kẹ̀kẹ́ yìí ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà náà ni àgbàlagbà lè gùn ún láìfòyà, àwọn obìnrin sì lè gùn ún.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ockham, abúlé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ripley, kò ṣeé fò dá. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1898, Lady Harberton, ìyàwó ìjòyè, gun kẹ̀kẹ́ dé ilé-èrò Hautboy, ó sì béèrè oúnjẹ. Ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ tí a so ní ìsàlẹ̀ orúnkún ni ó wọ̀, nítorí yẹ̀rì gígùn a máa há sínú kẹ̀kẹ́. Obìnrin tí ó ni ilé-èrò náà kọ̀ láti jẹ́ kí ó wọ yàrá tí àwọn èèyàn pàtàkì ti ń jẹun, ó ní kí ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń ta ọtí. Cyclists' Touring Club gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní 1899. A fi àwòrán yàrá kejì han àwọn jùrì, tí a tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì rẹ̀. Wọ́n sì dá onílé-èrò láre, nítorí kò fi oúnjẹ dù ú. Lójú tiwa, òfin lè wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn arábìnrin ilé Dibble kì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Eré ìje ní ojú ọ̀nà ní ìdààmú tirẹ̀. Àwọn olórí ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rù pé ìjọba yóò lé wọn kúrò ní ọ̀nà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń sáré pọ̀, wọ́n sì kà á léèwọ̀. Nígbà tí Percy Stallard kó 40 oníkẹ̀kẹ́ jọ láti Llangollen dé Wolverhampton ní oṣù Òkúdù 1942, ṣe ni wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré náà parí ní àlàáfíà.

Mọ́tò ni ó mú ọ̀nà Ripley kúrò lọ́wọ́ wọn. Ní 1976 a la ọ̀nà tuntun yí abúlé náà ká, èrò mọ́tò Portsmouth sì kúrò láàárín rẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ 2012, nígbà tí eré Olympics wà ní London, a ti ọ̀nà fún mọ́tò, àwọn oníkẹ̀kẹ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì la Ripley já lọ sí Box Hill. Àwọn ọkùnrin kọjá ní ọjọ́ 28. Ní ọjọ́ kejì, tí ó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin gba ọ̀nà kan náà, Marianne Vos ará ilẹ̀ Netherlands ni ó sì gba ipò kìíní.