Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà àti Ìpìlẹ̀ Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo, pé ta ló fún ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni yóò dárúkọ. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n Mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ rẹ̀, Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, ló gbé àbá náà síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn ní oṣù Keje ọdún 1952, orúkọ rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ lẹ́nu wa mọ́.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni Awókọ̀yà, ọmọ Awà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Òun ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Mólúsì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí hàn nínú àbá rẹ̀: ẹni tó mọ̀ pé a máa ń wọn nǹkan kí a tó pò wọ́n pọ̀ ló kọ ọ́. Kò ní kí ilé-ìwé ṣí lọ́la. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ló dá, kí a lè kọ́ olùkọ́, kí a sì kọ́ ilé ṣáájú. Sáà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà dín kù láti ọdún 8 sí 6.

Owó ló dá ìjà sílẹ̀. Ìjọba bu ṣílè 10 àti sísì lé àwọn tó ń san owó orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ẹni tí kò lọ́mọ nílé-ìwé ń san án. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bá a ro oko sì rí i pé òun yóò pàdánù owó, yóò tún pàdánù ọwọ́ iṣẹ́. A kò lè pe irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀tá ìmọ̀. NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ, tó lẹ́sẹ̀ gan-an ní Iléṣà, fi ọ̀rọ̀ náà polongo. Nígbà ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954, ìjókòó 23 ni wọ́n gbà ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tó ń ṣèjọba níbẹ̀ gba 18.

Síbẹ̀, wọn kò dá ètò náà dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ 456,600 ní 1954, di 811,432. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ wọn ni kò tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá, àríwísí lórí èyí kò sì tán bọ̀rọ̀.

Awókọ̀yà fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní 1956. Nígbà tó yá, ó bá UNESCO ṣiṣẹ́ ní Paris. Àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní 1955 parí ìwé mẹ́fà ní òpin ọdún 1960, kò ju oṣù bíi mélòó kan lọ lẹ́yìn òmìnira.