Àbàtà Rainham, Ilẹ̀ Tí Ìbọn Fi Sílẹ̀ fún Ẹyẹ

Ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí odò Thames ti ń fẹjú lọ pàdé òkun, láàárín Rainham àti Purfleet, ni àbàtà gbalasa kan wà tí ẹsẹ̀ ará ìlú kò gbọdọ̀ tẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Lónìí, tọmọdé tàgbà ni ó ń rin ibẹ̀ láti wo ẹyẹ, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Grays àti Dagenham, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí.

Ẹ̀tù ni ó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ogun dé àgbègbè náà. Greenwich ni ilé ẹ̀tù ọba wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀, tí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ké gbàjarè títí òfin ọdún 1760 fi ní kí a kó o lọ sí Purfleet, níbi tí a kọ́ ilé ẹ̀tù márùn-ún sí. Ní 1772, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti Royal Society, tí Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà wà nínú wọn, dámọ̀ràn pé kí a ri ọ̀pá irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó mọ́ àwọn ilé náà, kí ó máa fa mọ̀nàmọ́ná wọlẹ̀. Síbẹ̀, ní 1777, Olúkòso ọkọ Ọya kan ilé àwọn alákòóso níbẹ̀ lára, ó ṣí bíríkì díẹ̀, kò fọwọ́ kan ẹ̀tù. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọba George Kẹta, tí ọ̀tẹ̀ Amẹ́ríkà ń bí nínú, gbè sẹ́yìn àwọn tí ó ní kí orí ọ̀pá náà rí róbótó.

Ẹni tí ó bá wà ní Pápá Àjàó, ní Èkó, ní ọjọ́ Ìsinmi, 27 Oṣù Kìíní 2002, kò ní fi igbe àwọn ará Greenwich ṣe ẹ̀rín. Ọjọ́ náà ni ilé ohun ìjà tí ó wà ní bárékè Ìkẹjà gbiná, tí ilẹ̀ ń mì, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, tí ọ̀pọ̀ wọn sì kó sínú kánàálì Òkè-Àfà, tí ewéko bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ni. Àwọn tí ó bá a lọ ju 1,000 lọ.

Ní Rainham, ọgbà tí a fi lé ènìyàn ni ó di ààbò fún ẹyẹ. Ìbọn a máa dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkìtì yẹ̀pẹ̀ ni ọta ń wọ̀ sí. Nígbà tí iléeṣẹ́ àti ààtàn ńlá ń jẹ ìyókù etí odò náà run, kò sí ẹni tí ó lè kọ́ ilé sórí pápá ṣọ́jà. Ìgbà tí ìbọn dákẹ́ ni ewu tòótọ́ dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, iléeṣẹ́ sinimá Universal ti ń gbèrò láti kọ́ ọgbà eré ńlá síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò náà kò délé. (Ní Mushin tiwa, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọmọ onílẹ̀ ìbá ti pín in fún oníṣọ́ọ̀bù.)

Ẹgbẹ́ aláàbò ẹyẹ tí à ń pè ní RSPB ni ó ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Iléeṣẹ́ Ààbò ní ọdún 2000. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú: àwọn obìnrin ni ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1889, nítorí pé àwọn ọlọ́lá ayé ń fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyẹ́ tí wọ́n fẹ́ jù lára àwọn ìbátan lékeléke ẹlẹ́fun kì í hù dáadáa àfi ní àkókò ìyẹ́yin, nítorí náà bí ọdẹ bá ti pa ìyá, ebi a pa àwọn ọmọ sínú ìtẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ funfun wọ̀nyí, tí ó jẹ́ pé 1996 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pamọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń rìn gbẹ̀fẹ́ nínú omi Rainham nísinsìnyí, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ru ẹrẹ̀ sókè kí ẹja kéékèèké lè jáde.

Ọdún mẹ́fà kọjá kí a tó ṣí ibẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2006. A ní láti wá ọta tí kò tíì bú jáde nínú ẹrẹ̀, kí a sé omi mọ́ inú kòtò kí àbàtà má gbẹ, kí a sì tẹ́ ọ̀nà pákó, irú èyí tí ẹni tí ó bá ti dé Lẹ́kí, lọ́dọ̀ Nigerian Conservation Foundation, ti rìn rí. Màlúù ni a ń dà síbẹ̀ láti jẹ koríko, kí ó má baà ga ju ohun tí ẹyẹ tí ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lè fara mọ́. A kò wó gbogbo ohun tí ogun kọ́: òkìtì tí ọta ń wọ̀ sí ni ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòran ẹyẹ gba orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó ń tọ́jú ibẹ̀ sì tún ti na ọgbà mìíràn. Ti ìsinsìnyí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni a fi ń lé, nítorí ẹyin àti òròmọ.