FNRS-3
FNRS-3 ni ọkọ̀ abẹ́-omi ìwádìí tí àwọn ọmọ-ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé fi wádìí ìsàlẹ̀ òkun, èyí tí a gbé kalẹ̀ ní gbangba nítòsí ilé-ìṣọ́ Tour Royale ní ìlú Toulon. Bọ́ọ̀lù irin líle tí àwọn awakọ̀ ń jókòó sí nínú rẹ̀ ni wọ́n yọ lára FNRS-2, ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, tí ọ̀jọ̀gbọ́n Auguste Piccard dán wò létí erékùṣù Cape Verde ní ọdún 1948. Àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m tó náwó sí i ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ̀ náà kò ní okùn kankan tó so ó mọ́ òkè: bẹntiróòlù, tó fúyẹ́ ju omi lọ, kún inú àgbá ńlá tó wà lórí bọ́ọ̀lù náà, ọta irin sì ń fà á sísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti da ọta nù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò léfòó. Ní ọjọ́ 15 oṣù Èrèlè ọdún 1954, lójú òkun Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, Georges Houot àti Pierre Willm bá a wọ ilé Olókun Sẹ̀níadé dé 4,050 mítà, ibi tí ènìyàn kankan kò tíì dé rí. Ọkọ̀ abẹ́-omi Trieste, tí Piccard kàn pẹ̀lú, ló kọjá ibẹ̀ lẹ́yìn náà.