Faransé Láàárín Kétu àti Ìmẹ́kọ

Ẹni tó bá gun ọ̀kadà kúrò ní Ìmẹ́kọ, ní Nàìjíríà, ní àárọ̀ lè jẹun ọ̀sán ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Yorùbá ni yóò fi kí àwọn ará ilé, òun náà ni yóò fi ná ọjà. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìwé, ìbáà jẹ́ ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tàbí ìwé ilé ẹjọ́, Faransé ló kù.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé ààlà ní Paris, èyí tó wá fi Kétu sí ìhà Faransé, Ìmẹ́kọ sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Kétu gan-an ti di ahoro nígbà náà, nítorí ìjọba Dàhòmì ti fọ́ ọ ní 1886, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Faransé ṣẹ́gun Abomey, olú ìlú Dàhòmì, ni àwọn tó ṣẹ́ kù rí ọ̀nà padà wálé ní 1894. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọpẹ́ ni Kétu kọ́kọ́ fi pàdé Faransé. Ọpẹ́ náà kò tọ́jọ́. Owó orí dé, iṣẹ́ àfipáṣe dé. Nígbà ogun 1914 sí 1918 wọ́n tún ń fi agbára mú ọmọkùnrin lọ jagun. Ọ̀pọ̀ ìdílé di ẹrù wọn, wọ́n sá gba ìhà Ìmẹ́kọ lọ.

Ènìyàn lè sá fún owó orí. Ilé ìwé ló ṣòro láti sá fún. Ní etíkun, Faransé kọ́ ni àwọn àlùfáà tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Faransé rán wá kọ́kọ́ fi kọ́ni. Wọ́n dé Wídà ní 1861, Potogí ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, torí èdè àwọn ìdílé Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà nìyẹn. Nígbà tí ìjọba Faransé fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yí padà: Faransé nìkan nínú kíláàsì, Faransé nìkan ní àgbàlá. Ọmọ tó bá la ẹnu sọ Yorùbá, wọ́n á fi egungun tàbí pákó kọ́ ọ lọ́rùn. “Signal” ni wọ́n ń pè é. Kó tó bọ́ ọ, àfi kó ṣọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí tìyẹn náà á fi gbàgbé ara rẹ̀, kó wá gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Mo kórìíra ìwà yìí ju iṣẹ́ àfipáṣe lọ. Owó orí gba owó lọ́wọ́ bàbá. Signal sọ ọmọ di amí lórí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Lásìkò kan náà, ní ìhà Nàìjíríà, Yorùbá ni ọmọ ilé ìwé ìjọ fi ń bẹ̀rẹ̀ A B D.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ Kétu lo èdè náà fún ilé wọn. Thomas Moulero, ọmọ Kétu, ni ọmọ Dàhòmì (Benin òde òní) àkọ́kọ́ tó gba oyè àlùfáà Kátólíìkì, ní 1928. Faransé ló fi kọ ìtàn Kétu àti ti Ṣábẹ sílẹ̀. Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ́kọ, fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé tirẹ̀, Western Yorubaland under European Rule, tó jáde ní 1976, lórí ilẹ̀ kan náà. Ìyá àgbà tó ń ka Bíbélì Yorùbá ní Ìmẹ́kọ kò lè ka èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó dùn mí gan-an.

Orúkọ pàápàá pín. Àjàyí di Adjayi ní òdìkejì, Ọlátúnjí di Olatoundji. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò lè jẹ́ orúkọ bàbá kan náà kí aṣọ́bodè má gbà pé ìdílé kan ni wọ́n.

Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá Faransé kiri. Láyé ijọ́un, akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ní yunifásítì a máa lọ lo ọdún kan ní ilẹ̀ Faransé, Sẹ̀nẹ̀gà tàbí Tógò. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, tí apá kò ká owó ìrìnàjò mọ́, ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, Àgbádárìgì, ní 1991. Ní 1996, Abacha, olórí ìjọba ológun nígbà náà, kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1998 tún un sọ. Olùkọ́ kò tó, orí ìwé sì ni ìkéde náà wà.

Àwọn tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ kò dúró de ìkéde kankan. Awakọ̀ ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ìyá aláṣọ tó ń ná Kútọnu, alábàárù Ìdìrókò: owó kíkà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́, lẹ́yìn náà orúkọ ọjà, lẹ́yìn náà ohun tí aṣọ́bodè máa ń béèrè. Ọmọ Kétu tó wá kọ́ṣẹ́ ní Èkó ń gba ọ̀nà kan náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni wọ́n fi ń là á yé ara wọn.

Èyí ni kò sí ní ilé ìwé wa. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ọmọ Ìmẹ́kọ ní Faransé, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní fáwẹ̀lì àránmúpè tí Faransé kún fún. Yorùbá ní in: ọn inú “ibọn” fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti bon, ẹn inú “ìyẹn” sì súnmọ́ ti pain. Ẹ pe olùkọ́ láti Kétu wá, ẹni tó gbọ́ méjèèjì. Ọjọ́ kìn-ín-ní ló máa fi èyí hàn wọ́n. Kó wá fi àkókò tó kù kọ́ wọn ní u inú tu, tí ètè gbọ́dọ̀ ṣù fún bíi ti ẹni tó ń súfèé, nígbà tí ahọ́n wà níbi tó ti ń pe i.