Ta Ló Pa Ẹja Korle?

Ní ìlú Accra, níbi tí odò Odaw ti ń ya wọ inú ọ̀sà Korle kí omi náà tó dé òkun, ni Agbogbloshie wà. Èéfín wáyà tí wọ́n ń sun láti yọ bàbà inú rẹ̀ ni ayé fi mọ orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn Ga tí wọ́n ni ilẹ̀ náà ti mọ Korle tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà. Òrìṣà ni Korle lójú wọn. Ó ní àwòrò tirẹ̀, ẹja epìyà sì ń tinú omi rẹ̀ jáde. Àdúgbò Alata ní James Town kò jìnnà sí i, orúkọ rẹ̀ sì ń rántí àwọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti ìhà ìlà-oòrùn nígbà tí wọ́n ń kọ́ odi wọn ní ọ̀rúndún 17. Nígbà tí Gómìnà Guggisberg ṣí ilé ìwòsàn ńlá sí tòsí ọ̀sà náà ní ọdún 1923, orúkọ Korle ni wọ́n fi pè é: Korle Bu. Kí ọ̀rúndún 20 tó parí, ẹja pípa nínú Korle ti di ohun tí àwọn àgbà ń ròyìn.

Ta ló pa ẹja wọ̀nyí? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn tí ń tú irin àti ẹ̀rọ àlòkù ní Agbogbloshie ni. Kí ènìyàn tó gba èyí gbọ́, ó dára kó kọ́kọ́ wo ibòmíràn tí wọ́n ti wádìí ohun tí ń pa ẹja, níbi tí omi kò pọ̀ ju ohun tí ojú lè ká lọ: inú àpótí gíláàsì.

Àwọn ará Ṣáínà ti ń sin ẹja wúrà láti ayé àwọn ọba Song, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan. Ọ̀rúndún 17 ló dé Yúróòpù, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń fi í sínú abọ́ ni ó ń kú. Ní ọdún 1849, onímọ̀ kẹ́místìrì kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Robert Warington, kó ẹja wúrà kéékèèké sínú gíláàsì tó gba nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 12 omi. Ó da iyanrìn sí ìsàlẹ̀, ó gbin koríko omi sí i, nítorí koríko a máa tú ọ́síjìn tí ẹja ń mí sínú omi. Ó kọ́kọ́ dára. Nígbà tó yá, ewé tó ti gbó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, omi sì dàrú. Warington kó ìṣáwùrú sí i; wọ́n jẹ ewé jíjẹrà náà, omi tún mọ́. Ó tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1850, nígbà tó sì di 1853, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn.

Ohun tí Warington rí ni pé ìdọ̀tí inú omi náà ló ń pa ẹja, kì í ṣe májèlé tó ti ìta wọlé. Lónìí, a mọ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹja ń tú amóníà jáde lára, àjẹkù oúnjẹ náà sì ń jẹrà di amóníà. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò rí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iyanrìn àti òkúta, ni wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tí kò lágbára láti ṣe ẹja ní ibi kíákíá. Wọ́n sì nílò ọ́síjìn láti ṣe iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń sin ẹja wúrà onírù méjì, abikùn roboto, fi gbọ́dọ̀ fún un ní omi púpọ̀, kó má fún un lóúnjẹ jù, kó máa pààrọ̀ apá kan omi déédéé, kó sì fún àpótí tuntun ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àwọn ẹ̀dá náà tó gbilẹ̀. Ẹni tó ń da oògùn sómi nígbà gbogbo tí ẹja bá ń mí gúlegúle lójú omi, tí kò yẹ omi náà wò, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ẹja wúrà tilẹ̀ ní ọgbọ́n kan tó yani lẹ́nu: bí ọ́síjìn bá tán nínú omi tútù, ara rẹ̀ lè máa ṣe ọtí, kó sì máa tú u sómi, kó má bàa kú. Ṣùgbọ́n omi Accra kì í ṣe omi tútù, omi gbígbóná kì í sì í gba ọ́síjìn púpọ̀ dúró. Epìyà inú ọ̀sà, tí akọ rẹ̀ ń fi ẹnu gbé ẹyin, jẹ́ ẹja tó lè fara da iyọ̀ àti ìnira ju ọ̀pọ̀ ẹja lọ. Omi tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ti kọjá àìsàn kékeré.

Odaw gba àárín ọ̀pọ̀ àdúgbò Accra kọjá kó tó dé Korle. Gọ́tà ilé, ìgbẹ́, omi ilé iṣẹ́ àti pàǹtí ọjà ni ó ń kó bọ̀. Ìjẹrà gbogbo èyí ń jẹ ọ́síjìn tán gẹ́gẹ́ bí ewé Warington, ìṣáwùrú kan kò sì sí tó lè jẹ ẹ́ tán. Ní 1991, nígbà tí Accra ń múra ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò gbè sẹ́yìn ẹnìkan, wọ́n kó àwọn ọlọ́jà kan wá sí Agbogbloshie. Ní 1994, àwọn tí ogun Konkomba àti Nanumba lé kúrò ní àríwá tún wá kún àwọn tó wà ní Old Fadama nítòsí ibẹ̀. Korle ti ń ṣàìsàn kí wọ́n tó dé. Kọ̀ǹpútà àlòkù kò sì tíì pọ̀ níbẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 21. Òjé àti èéfín rẹ̀ burú, wọ́n ń ba ara àwọn ọmọdé àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n omi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ni wọ́n bá.

Ó ṣe é gbọ́ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Ní 2002, nígbà tí iṣẹ́ àtúnṣe Korle ti bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ ìlú fún àwọn ará Old Fadama ní ìwé ìlékúrò. Ìdọ̀tí ọ̀sà wà lára ohun tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Kóòtù Gíga, kóòtù kò sì dá wọn láre. Lẹ́yìn ìkún omi oṣù kẹfà 2015, wọ́n wó apá kan ibẹ̀. Ní oṣù keje 2021, wọ́n wó ọgbà irin àlòkù, wọ́n sì kó ọjà àlùbọ́sà lọ sí Adjen Kotoku. Odaw kò bá wọn lọ. Ó ṣì ń gbé ìdọ̀tí àwọn ilé tí onílé wọn kò tẹ ilẹ̀ Agbogbloshie rí wọ inú Korle.