Bí Dàhòmì ṣe ń kọ́ ìjà kó tó jáde, àti ohun tí ìdánrawò wọn kò kàn

Bí ọ̀rọ̀ ogun tó fọ́ Kétu ní 1886 bá délẹ̀, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé oògùn Dàhòmì ló ju tiwa lọ, tàbí pé wọ́n kàn pọ̀ jù wá lọ ni. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a wo apá kan tí a kì í sọ púpọ̀: ìdánrawò. Báwo ni àwọn ọmọ ogun Àgbómẹ̀ ṣe ń kọ́ ìjà kí wọ́n tó dé ẹnu odi wa? Kí ni wọ́n kọ́ tó yé wọn, kí sì ni wọn kò kọ́?

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìbọn bẹ̀rẹ̀. Ṣakabùlà ni èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa náà mọ̀. Ẹ ó da ẹ̀tù sí i, ẹ ó fi ọta sí i, ẹ ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, ẹ ó bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí iná ti máa ràn, kí ẹ tó gbé e sókè. Bí ẹ bá yìn ín tán, ẹ ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá gan-an á lò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Kí ìdajì ìṣẹ́jú yẹn tó pé, ọ̀tá tó lẹ́sẹ̀ ti sáré dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀tù náà kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́: inú ọkọ̀ òkun ló ti ń wá sí Wídà, ẹrú ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ń san án, kó tó di pé epo pupa dara pọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ìjà wọn kò dúró lórí ìbọn yínyìn láti ọ̀nà jíjìn. Kí wọ́n sún mọ́ tòsí, kí wọ́n yìn ín, kí wọ́n sì fi àdá parí rẹ̀.

Bí ìjà ṣe rí ni ìdánrawò náà ṣe rí. Ní ayé Gezo (1818–1858) àti Glele ọmọ rẹ̀ (1858–1889), àsìkò ọdún ńlá ọba ni wọ́n máa ń ṣe ìjà àfiṣeré níwájú ọba àti àlejò. Ní ìparí 1861, àlùfáà ọmọ Ítálì kan, Francesco Borghero, rí ọ̀kan ní Àgbómẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀gún jọ bí odi ìlú, wọ́n sì kọ́ ilé sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ìlú ọ̀tá ni. Àwọn obìnrin ọmọ ogun, bí 3,000, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Mínò, ìyẹn ìyá wa, sáré gun ẹ̀gún náà láìwọ bàtà. Àwọn tó ta yọ gba ìgbànú tí wọ́n fi ẹ̀gún ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn ìlú wa ni wọ́n ń fi ìyẹn kọ́. Odi àti yàrà ló yí Kétu ká, bẹ́ẹ̀ náà ni odi yí Abẹ́òkúta ká. Ẹni tó ti gun ẹ̀gún lọ́dọọdún kò ní dúró wo yàrà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á tún jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á rìn ní ìdákẹ́jẹ́, wọ́n á sì dé nígbà tí ìlú ṣì ń sùn. Àmọ́ ètò tó gbára lé òjijì ní àléébù kan: bí ẹni tí ẹ ń bọ̀ wá bá bá ti gbọ́, ó ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta, 1851, àti ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, 1864, Ẹ̀gbá ti ń dúró dè wọ́n lórí odi, Dàhòmì sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ti Kétu kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1886 wọ́n fọ́ ìlú, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ.

Ẹ wá wo àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ díje ní Òlíḿpíìkì lónìí, tí wọ́n ń yìn ín láti mítà 10 tàbí 25. Púpọ̀ nínú ìdánrawò wọn ni kò ní ọta nínú. Wọ́n á gbé ìbọn òfìfo sókè, wọ́n á fojú sun àmì, wọ́n á rọra tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wò ó bóyá ọwọ́ mì. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n ń ya iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀: lónìí mímí, lọ́la ìdúró. Wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n jẹ sílẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìbọn tí wọ́n máa fi díje gan-an ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Ibi tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀rọ̀ Dàhòmì ti yí padà. Lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́ pẹ̀lú Faransé ní 1890, ọba Bẹ̀hánzìn ra ìbọn ayára lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní Wídà, Winchester wà nínú wọn, ó sì ra ìbọn àgbá Krupp pẹ̀lú. Ìbọn dé, àmọ́ àkókò kò sí. Ọwọ́ tó ti mọ ṣakabùlà láti kékeré, tó máa ń yìn ín láti ìbàdí nítorí pé ẹ̀tù rẹ̀ ń ta èèyàn sẹ́yìn, kò lè di ọwọ́ tuntun láàárín ọdún kan tàbí méjì. Ní 1892, nígbà tí Ọ̀gágun Dodds ń gòkè bọ̀ lẹ́bàá odò Wẹ̀mẹ̀, àwọn Faransé rí ìgboyà tí wọn kò retí, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn obìnrin náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọta ń gba òkè orí wọn kọjá. Bí àwọn Mínò bá sì sáré dé tòsí pẹ̀lú àdá, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gan-an, ọ̀bẹ gígùn tí wọ́n fi bọ ẹnu ìbọn Faransé ti ń dúró dè wọ́n. Ní ọjọ́ 17, oṣù kọkànlá, Àgbómẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé.

A kò sọ pé ìdánrawò nìkan ló fà á. Faransé ní ọkọ̀ ojú omi tó gbé ìbọn àgbá, wọ́n sì ní ọta tí kì í tán. Àmọ́ ohun tí Dàhòmì kọ́ lọ́dọọdún ni wọ́n ṣe lójú ogun ní ẹ̀bá Wẹ̀mẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Lẹ́yìn ìṣubú Àgbómẹ̀ ni àwọn ará Kétu tó wà lóko ẹrú padà wálé tún ìlú kọ́. Àwọn Fọ̀n ti di aládùúgbò àti àna wa lónìí, a kò sì kọ èyí láti fi dá ìjà sílẹ̀. A kọ ọ́ nítorí pé bí a bá ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé oògùn ló fọ́ Kétu, a ti gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ọdọọdún, ni wọ́n fi borí wa. Iṣẹ́ tí wọn kò ráyè ṣe ló sì pa àwọn náà lára.

Ẹ̀yin tí bàbá yín àgbà jẹ́ ọdẹ, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìbọn ní agboolé yín? Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí ẹ sì wá sọ fún wa níbí. Ire o.